Oṣù mẹ́ta péré, pásítọ̀ ti padà sórí pẹpẹ: Ta ló wá bẹ ọmọ ọlọ́mọ?

Ọjọ́ Sannde kan wà tí wọn ò ní í gbàgbé bọ̀rọ̀ ní sọ́ọ̀ṣì kan l'Ékòó. Ọjọ́ náà ni pásítọ̀ wọn padà sórí pẹpẹ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ní kó lọ rọ́kún nílé. Bí alága àwọn alàgbà ṣe kéde pé Ọlọ́run ti dárí jì í ni ìlù bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ń jó, àwọn kan ń nu omijé ojú wọn. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún tí kò dìde, tí kò pàtẹ́wọ́. Òkìrìkà ló ń tà lọ́jà, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlá nínú ìjọ náà. Ó rọra mú báàgì ẹ̀, ó jáde. Ìyá ìjọ ló sáré tẹ̀lé e, òun ló sì gbọ́ ohun tí obìnrin náà sọ ní géètì: "Ìyá ìjọ, ẹ ti bi Ọlọ́run, ẹ ní ó ti dárí jì í. Ta ló bi ọmọ tèmi?"

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ọmọ tó ń wí yìí, ẹgbẹ́ akọrin ló wà. Nígbà tí oyún yọ lára ẹ̀, ojú gbogbo ìjọ ni wọ́n ti gba aṣọ akọrin lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa jókòó sí ìlà ìkẹyìn fún ọdún kan gbáko. Ó dárúkọ pásítọ̀, wọ́n ní kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́, pé èṣù ló ń lò ó. Ìgbà tó bímọ tán, tí ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé bò mọ́lẹ̀ mọ́, ni pásítọ̀ tó kúnlẹ̀ níwájú àwọn alàgbà, tó jẹ́wọ́. Inú yàrá ìpàdé ló ti jẹ́wọ́ o, kì í ṣe lójú ìjọ. Wọ́n ní kó lọ sinmi fún oṣù mẹ́ta, owó oṣù ẹ̀ ò sì dúró.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì dá, bí a bá tiẹ̀ fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kékeré tó ń pe ọkùnrin náà ní Dádì. Ọ̀kan gba ọdún kan ní gbangba, èkejì gba oṣù mẹ́ta ní kọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni irú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ìjọ mìíràn ò tiẹ̀ ní í sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn gbé pásítọ̀ lọ sí ìlú mìíràn, àwọn tó wà níbẹ̀ á sì máa kí i káàbọ̀ láì mọ ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹni àmì òróró.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn tó ń wo tẹlifíṣàn nígbà yẹn lọ́hùn-ún á rántí Jimmy Swaggart, ajíhìnrere ọmọ Amẹ́ríkà tí ìlú Baton Rouge ní Louisiana jẹ́ ibùdó ẹ̀. Lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù kejì ọdún 1988, ọkùnrin yìí dúró níwájú ìjọ ẹ̀, ó sunkún gidigidi, ó ní òun ti ṣẹ̀. Aṣẹ́wó ni wọ́n ká a mọ́ ní mòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn aṣáájú Assemblies of God ní Louisiana kọ́kọ́ ní kó má wàásù fún oṣù mẹ́ta. Àwọn àgbààgbà ìjọ náà ní Springfield sọ pé oṣù mẹ́ta kéré, wọ́n ní ó kéré tán kó má wàásù fún ọdún kan, kí wọ́n sì máa tọ́ ọ sọ́nà fún ọdún méjì. Swaggart kọ̀, ó ní àìsí òun lórí tẹlifíṣàn á ba iṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n gba ìwé àṣẹ ìwàásù lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ó ti padà sórí pẹpẹ fúnra ẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ní oṣù kẹwàá ọdún 1991, àwọn ọlọ́pàá dá mọ́tò ẹ̀ dúró ní Indio, ní California, aṣẹ́wó mìíràn ló tún wà nínú ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò sunkún mọ́, ńṣe ló sọ fún ìjọ pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn wọ́n. Ó ń wàásù lọ ní tiẹ̀ títí ọjọ́ orí fi dé, ó sì kú lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2025, lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún.

Apá kan tún wà nínú ìtàn yìí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sọ. Ẹni tó tú àṣírí Swaggart ni Marvin Gorman, oníwàásù ẹgbẹ́ ẹ̀ ní New Orleans. Lọ́dún 1986, Swaggart ló fẹ̀sùn àgbèrè kan Gorman tí iṣẹ́ ọkùnrin náà fi bàjẹ́. Gorman gbà pé òun ti ṣìṣe pẹ̀lú obìnrin kan, ṣùgbọ́n ó ní irọ́ ni èyí tó kù. Ó pẹjọ́, lọ́dún 1991 sì ni ìgbìmọ̀ adájọ́ gbà pé wọ́n bà á lórúkọ jẹ́, wọ́n ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 10 dọ́là fún un, kó tó di pé wọ́n yanjú ẹ̀ níye tó kéré sí i. Ìdí nìyí tí Pọ́ọ̀lù fi kọ ọ́ sí Tìmótì kìn-ín-ní, orí karùn-ún, pé ẹ̀sùn alàgbà gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹsẹ tó tẹ̀lé e gan-an ló ní kí wọ́n bá ẹni tó ṣẹ̀ wí lójú gbogbo èèyàn. Ẹsẹ kìn-ín-ní ni ọ̀pọ̀ alàgbà máa ń rántí, wọ́n kì í ka èkejì.

Ẹlòmíràn ṣe é yàtọ̀. Gordon MacDonald ni olórí àjọ InterVarsity ní Amẹ́ríkà nígbà tí àgbèrè tó ṣe bọ́ sí gbangba lọ́dún 1987. Ó fipò sílẹ̀, ó sì fi ara ẹ̀ sábẹ́ àwọn àgbà kan, wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń dáhùn. Àwọn náà ló pinnu ìgbà tó tó, kì í ṣe òun. Lọ́dún 1988 ni ìjọ Grace Chapel, ní Lexington, gbà á padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ìtìjú dé bá Ààrẹ Clinton lọ́dún 1998, MacDonald wà lára àwọn pásítọ̀ tó lọ pè kí wọ́n máa tọ́ òun sọ́nà.

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe gígùn oṣù ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ ni. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Pásítọ̀ tó bá dájọ́ fún ara ẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé àwọn tó fi joyè alàgbà ló dájọ́ ẹ̀, ìsinmi ló lọ, kì í ṣe ìbáwí.

Ìdáríjì yàtọ̀ sí ipò. Bí akápò bá kówó ìjọ jẹ, ẹ lè dárí jì í lónìí, ẹ lè jọ jẹun, ṣé ẹ máa dá kọ́kọ́rọ́ àpótí padà fún un lọ́la? Kọ́kọ́rọ́ ọkàn èèyàn ló wà lọ́wọ́ pásítọ̀. Bó bá sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ni, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti alàgbà, ẹjọ́ ọlọ́pàá ni. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ọdún 2003 ní kí ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀ lọ fẹ̀wọ̀n gbére jura.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n lé pásítọ̀ sígbó. Bí a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ohun tó dun ìyá olókìrìkà ni pé ọwọ́ òsì ni wọ́n na ọmọ tiẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún sì ni wọ́n na pásítọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyá ìjọ nìkan lọ sílé wọn. Kò gbé Bíbélì dání, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìjókòó sẹ́sẹ̀, ó wá bi ìyá ẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́. Ọmọbìnrin náà ò béèrè owó, kò sì ní kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni. Ó ní ibi tí wọ́n ti gba aṣọ akọrin lọ́wọ́ òun, kí wọ́n dìde níbẹ̀, kí wọ́n sọ fún gbogbo ìjọ pé òun ò parọ́.

Ìyá ìjọ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún àwọn alàgbà. Wọ́n ní àwọn á gbàdúrà sí i.