Òkè Malham àti Àwa Ará Ìlú

Bí a bá wí fún àwọn ènìyàn wa ní Manchester níbí pé a fẹ́ wa mọ́tò fún wákàtí kan ààbọ̀ kí a lè lọ gun òkè, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi wá ni pé, “Ta ló ń ṣe kí ni níbẹ̀?” Ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìsìnkú àti ìpàdé ẹgbẹ́ ni àwa ń torí wọn rin ọ̀nà jíjìn. Òkè kì í ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni sí ayẹyẹ. Nígbà tí a ń kàwé ìṣirò owó ní Leeds, ilé, yunifásítì àti ibi iṣẹ́ alẹ́ nìkan ni ẹsẹ̀ wa mọ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fi díẹ̀ ju ìrìn wákàtí kan lọ sí wa.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí a kì í sábà sọ jáde. Púpọ̀ nínú wa ló dé Ìlú Ọba pẹ̀lú èrò pé ọdún márùn-ún péré ni, a ó sì padà sílé. Ẹni tí ó ti di ẹrù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kì í bèèrè orúkọ òkè ìlú onílùú. Ọdún márùn-ún náà ti di ogún báyìí, ẹrù ṣì wà ní dídì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín kò di ẹrù kankan. Ibo ni kí àwọn pè ní tiwọn?

Ẹnu ọmọ wa àgbà, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ni a ti gbọ́ ọ. Ó sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni ń sọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀, pé àwọn òyìnbó ló ń gun òkè, pé àwa kì í ṣe irú ẹ̀. Ìyá wa wà lọ́dọ̀ wa ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Ọkọ mi,” ni wọ́n wí, “orí òkè Ìdànrè ni wọ́n bí ìyá tó bí mi sí. Òyìnbó wo ló kọ́ ìyá mi ní òkè gígùn?” Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, a di jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín sínú kúlà, ó di Malham.

Malham wà nínú Yorkshire Dales, ilẹ̀ ìpamọ́ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1954. A wá ẹnubodè títí, a kò rí i. Kò sí géètì, kò sí ẹni tí ń já tíkẹ́ẹ̀tì, àfi owó ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan. Ìyàlẹ́nu gidi ni èyí fún àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti béèrè pé ta ló ń sanwó. Èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ìjọba rárá, ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ni, tí wọ́n ń da àgùntàn lórí rẹ̀: àgùntàn Swaledale olójú dúdú, onímú funfun, tí ìwo rẹ̀ lọ́ bí ọkọ́tọ́. Òfin ọdún 1949 ló dá irú ilẹ̀ ìpamọ́ báwọ̀nyí sílẹ̀.

Kò sì sí ẹni tó fi òfin náà ta àwọn mẹ̀kúnnù lọ́rẹ. Ní April 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn òṣìṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn láti Manchester wa yìí, gun òkè Kinder Scout ní tipátipá, nítorí pé àwọn ọlọ́lá ti sé e mọ́ fún ẹyẹ yíyìn. Wọ́n ju márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n. A sọ ìtàn yìí fún ọmọ wa nínú mọ́tò, ó yọ gbohùngbohùn kúrò ní etí kan. Etí kejì ṣì wà fún orin, ṣùgbọ́n a gba ìyẹn náà.

Malham Cove fúnra rẹ̀ jẹ́ ògiri òkúta funfun kan tó tẹ̀ bí ìdajì igbá, gíga rẹ̀ tó nǹkan bí 80 mítà. Òkúta ẹfun ni, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ńtì. Àìmọye ìkarahun àti egungun ẹran inú òkun ló di òkúta yẹn, ó sì ti ju 300 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ibi tó dùn mọ́ wa jù lọ nínú rẹ̀ nìyí: ìlà agbedeméjì ayé ni ilẹ̀ yìí wà nígbà náà, lábẹ́ òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó tó máa sún díẹ̀díẹ̀ wá sínú òtútù. Ará ilẹ̀ ooru ni òkúta náà. Òun náà ṣí wá ni.

Omi ló ń gbẹ́ ẹ. Òjò tó bá ń bọ̀ láti òkè a máa kó afẹ́fẹ́ carbon dioxide mọ́ra, a kan díẹ̀, a sì máa jẹ òkúta ẹfun níbi tó bá ti sán. Nítorí náà omi kì í dúró lórí ilẹ̀ náà, abẹ́ ni ó ń gbà. Odò kan ń ṣàn jáde láti ìdí ògiri yẹn, odò mìíràn sì ń rì sínú ilẹ̀ lókè lọ́hùn-ún nítòsí adágún Malham Tarn. Ta ni kò ní rò pé omi kan náà ni? Àwọn tó da aró sínú omi ló rí i pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n: èyí tó rì nítòsí adágún kọjá lábẹ́ Cove, ó jáde nísàlẹ̀ abúlé, ti ìdí Cove sì ti ibòmíràn wá. Ká ní ìwé owó ilé iṣẹ́ kan ló rí báyìí ni, a kò ní buwọ́ lù ú. Ní December 2015, nígbà ìjì Desmond, òjò pọ̀ débi pé ihò abẹ́ ilẹ̀ kò gbà á mọ́, omi sì já wálẹ̀ láti orí ògiri náà, ohun tí ẹnikẹ́ni tó wà láyé kò rí rí.

Àtẹ̀gùn òkúta bí 400 ló gbé wa dé orí rẹ̀. Ìyá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n gùn ún, wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n sì rán wa létí pé ti Ìdànrè ju 600 lọ. Lókè, òkúta tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tẹ́, àlàfo tóóró sì wà láàárín wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe òkúta náà ní clint, àlàfo náà ní grike. Nínú àlàfo yìí ni ewé ìmọ̀ ọ̀pẹ àti àwọn ìbátan rẹ̀ ń hù, níbi tí ẹ̀fúùfù àti eyín àgùntàn kò lè dé. Ẹ jọ̀wọ́, bí òjò bá ti rọ̀, ẹ má ṣe kó ọmọ kékeré débẹ̀. Òkúta náà a máa yọ̀ bí ilá, kò sì sí ọgbà létí bèbè.

Nísàlẹ̀, a bá àwọn kan tí wọ́n gbé awò tí ń fa ohun jíjìn súnmọ́ni kalẹ̀. Àṣá peregrine ni wọ́n ń wò, tó ń yé ẹyin sára ògiri náà. Bí ó bá já lu ẹyẹ mìíràn, eré rẹ̀ a máa ju 300 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Oògùn kòkòrò DDT fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìran rẹ̀ run ní ilẹ̀ yìí láàárín ọdún 1950 sí 1970: ó mú kí èèpo ẹyin wọn fẹ́lẹ́ jù, bí ìyá bá sàba lé e, á fọ́. Ìyá fi ojú kan wo inú awò náà. “Àṣá? Olè òròmọdìyẹ tí a ń fi igbe lé nílé ni gbogbo yín tò síbí torí ẹ̀?” Ọmọ wa túmọ̀ rẹ̀ fún obìnrin òyìnbó tó ni awò. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún awò ṣe fún Ìyá. Ìyá wò ó pẹ́. Wọ́n ní ó rẹwà, olè ni, ṣùgbọ́n ó rẹwà.

A retí pé wọn yóò máa wò wá bí ẹni tó ṣìnà. Àwọn kan wò wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí a pàdé lójú ọ̀nà ló kí wa, tọmọdé tàgbà. Ìyá, tí ó ti lo oṣù méjì ní àdúgbò wa láìrí aládùúgbò kan tó ń kíni, dúró sójú kan. “Àṣé wọ́n mọ̀ ọ́n kí,” ni wọ́n wí. Láti ìgbà náà, “Ẹ kú ìrìn o” ni wọ́n fi ń dá gbogbo òyìnbó lóhùn, wọn kò sì fi ẹnì kankan sílẹ̀.

Ní báyìí, òkè Ingleborough ló kàn, tó ga ní 723 mítà. Lára rẹ̀ ni Gaping Gill wà, ihò tí odò kan ń já sínú rẹ̀ ní nǹkan bí 100 mítà. Martel, ará Faransé, ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀ ní 1895. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìsinmi oṣù karùn-ún àti ti oṣù kẹjọ, àwọn ẹgbẹ́ awọ-ihò méjì máa ń fi àga orí okùn irin sọ ẹni tó bá fẹ́ kalẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n ń gba owó díẹ̀. Ọmọ wa ti ń tọ́jú owó tirẹ̀. Ìyá gbọ́ lórí fóònù, wọ́n ní bí àwọn bá ti dé nígbà náà, àwọn yóò tẹ̀ lé wa. Àwọn yóò jókòó lẹ́bàá ihò, àwọn yóò bá wa mú kúlà lọ́wọ́.