Ta Ló Ru Ẹrù Wọn?

Lọ́dún 1979, sòbìà dá mi dùbúlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìdèrè fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàràpá nígbà náà kò ní bi mí pé kí ló fà á. Omi kòtò là ń mu, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá sì ti dé, ilé mélòó ni ẹnìkan kì í ti na ẹsẹ̀ sórí àpótí, tí wọ́n ń fi igi ìṣáná ká aràn náà jáde díẹ̀díẹ̀? Wọ́n ní bí sòbìà bá fẹ́ degbò, Olúgànbe là á ké sí. Èmi ò rí Olúgànbe. Kọ́máńdò ni mo rí.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì n'Íbàdàn ló kó o wálé, méje, nínú àpò sìmẹ́ńtì. Lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀ ló ti rà wọ́n. Ìwé àwòrán ìtàn ogun pẹlẹbẹ ni, irú èyí tó ṣeé fi pamọ́ sínú ìwé Jọ́gíráfì kí tíṣà má mọ̀, ọ̀bẹ olójú méjì kan sì dúró ṣánṣán lára orúkọ rẹ̀. Èèpo ẹ̀yìn nìkan ló ní àwọ̀ mèremère. Inú rẹ̀, dúdú àti funfun ni.

Gẹ̀ẹ́sì mi kò tíì tó nǹkan nígbà yẹn, nítorí náà àwòrán ni mo kà. Mo kà á débi pé mo lè mọ ọwọ́ ayàwòrán kan yàtọ̀ sí ti èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Ẹnìkan wà tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, á da tàdáwà bo ìdajì ojú ewé, á wá ṣẹ́ ìlà funfun tín-ín-rín kan kù sí etí akoto ṣọ́jà. O ò ní rí òṣùpá, ṣùgbọ́n wàá mọ̀ pé ó wà lókè. Ẹlòmíràn kò mọ ojú ènìyàn yà rárá, gbogbo ṣọ́jà rẹ̀ jọra bí ìbejì Igbó-Ọrà, àmọ́ bó bá kan bàálù, èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ariwo rẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa wá jókòó tì mí lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà wọn á bọ́ sójúde, wọn á pín ara wọn sí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, èmi á máa fi ẹsẹ̀ kan ṣe ọ̀gágun láti orí ẹní. Atọ́ka náà wà nílé, èyí tí wọ́n ń fi fọ́tò àwọn òṣèré orí ìtàgé wa to ìtàn ní Yorùbá, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Powerman, akọni aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láàárín àwọn ọdún náà ni. Dave Gibbons àti Brian Bolland, òyìnbó méjì tó di ìlú mọ̀ọ́ká lẹ́yìn náà, ló ń yà á.

Bàbá kan wà ní agbo ilé kejì sí tiwa tó bá wọn lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hítílà. Lọ́jọ́ kan tó wá kí mi kú ara, mo na Kọ́máńdò kan tí ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú igbó Bọ́mà sí i. Ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń fi ìka tọ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé yóò yin ìbọn tàbí igbó náà.

Ó ní, "Ta ló ru ẹrù wọn?"

Mo ní, "Bàbá, kò sí ẹrù níbẹ̀."

"Ogun wo ni kò lẹ́rù? Orí la fi ru tiwa. Òṣùká dà?"

Ó dá ìwé padà fún mi, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ó pẹ́ kí n tó kà nípa dífíṣọ̀n kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n gba àfonífojì Kaladan kọjá níbi tí kò sí títì. Bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, àwọn ọmọ ogun á sì gbé e karí. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun. Ọta bà á lẹ́bàá odò Kaladan ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará abúlé sì fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Ojú ewé mélòó ni Kọ́máńdò ní? Ìtàn yìí á kún un, á ṣẹ́kù.

Ní Dundee, ní Sikọ́tíláàńdì, ni ilé-iṣẹ́ D. C. Thomson ti bẹ̀rẹ̀ Kọ́máńdò ní oṣù keje ọdún 1961. Wọn ò tíì dáwọ́ dúró. Wọ́n ti kọjá àtẹ̀jáde 5,000 láti ọdún 2017. Mẹ́rin ń jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tuntun méjì, àtijọ́ méjì tí wọ́n tún tẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó mélòó kan wá láti Mánṣẹ́sítà lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ìtàn Bọ́mà. Ó mọ́ tónítóní. Kò sí òróró àkàrà lára rẹ̀, ewé ìparí rẹ̀ pé, orúkọ ayàwòrán sì wà níbẹ̀ wàyí. Báyìí ni mo ṣe mọ Ian Kennedy tó ń kun èèpo ẹ̀yìn wọn, lẹ́yìn tó ti kú ní ọdún 2022. Àwọn tuntun náà dára, n kò ní purọ́ mọ́ wọn, àmọ́ ilẹ̀ kì í ṣú tán nínú òmíràn. Bóyá kọ̀ǹpútà ló fà á, bóyá ojú mi ni.

Mo wá ẹlẹ́rù nínú ti Bọ́mà yẹn títí. Kò sí.

Sòbìà ti lọ. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ti ìkẹyìn ní Nàìjíríà, n kò sì ní gbà kí ó padà wá nítorí kọ́míìkì. Ọmọ-ọmọ mi tó wá lo họlidé láti Èkó kò na ẹsẹ̀ sórí àpótí rí. Ìyanu ló ń kà, ìwé Roye Okupe tí Godwin Akpan yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ti sọ di eré lórí Cartoon Network lọ́dún 2025. Òun náà ń yàwòrán, ó ń fi ìka yà á lójú fóònù. Mo sọ ti bàbá Bọ́mà fún un, kí n tó jẹun tán ó ti ya ṣọ́jà kan, àpótí ọta gàgàrà lórí rẹ̀.

Mo ní, "Òṣùká ńkọ́?"

"Bàbá àgbà, kí ló ń jẹ́ òṣùká?"

Mo fa aṣọ ìnura tó wà léjìká mi, mo ká a roboto, mo gbé e lé e lórí. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún tẹ orí fóònù, ó pa àpótí náà rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.