Ariwo Tó Ń Ti Inú Kọ̀ǹpútà Ọmọ Wa Jáde

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Ọ̀rọ̀ fáànù ni, fáànù kékeré tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí fáànù yìí da àárín àwa àti ọmọ wa rú, kí ó sì sọ wá di ọ̀tá aládùúgbò. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí a sọ ọ́, nítorí ohun tó ṣe wá lè ṣe ẹlòmíràn.

Ajégúnlẹ̀ ni à ń gbé, ní ọ̀kan nínú àwọn òpópó tó yà kúrò lára Ojo Road. Ilé oníyàrá púpọ̀ ni ilé wa, irú èyí tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ògiri kan ṣoṣo sì wà láàrin ẹni àti aládùúgbò ẹni. Ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń báni gba ẹrù jáde ní èbúté. Èkejì ń ta aṣọ ní ọjà Boundary.

Ọmọ wa ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 19 nígbà náà. Ó ti ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń dúró de ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó máa ń ya fídíò níbi ìnáwó, a sì máa gé fídíò náà kí ó lè dùn ún wò. Ọdún méjì gbáko ló fi tọ́jú owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ra kọ̀ǹpútà ńlá kan, tòkunbọ̀ ni, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbá géèmù. Ó ṣàlàyé fún wa pé ohun tó mú kí ó lágbára fún géèmù náà ló mú kí ó lágbára fún iṣẹ́ fídíò. A gbọ́, ṣùgbọ́n kò wọ̀ wá létí. Géèmù ni a rí. Ojú tí a fi wò ó ni pé ẹni tó ń dúró de yunifásítì kò yẹ kí ó máa ṣeré.

Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Láti Èbúté Àpápá àti ti Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1977, ni wọ́n ti ń kó wọn wọlé. Ìwádìí kan tí Yunifásítì ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí ní àwọn èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ alòkù tó ń lo iná ló ń wọ orílẹ̀-èdè wa lọ́dún kan, àti pé inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ń kó púpọ̀ nínú wọn sí. Ẹ̀rọ tó ti ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn lókè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti gbé àárẹ̀ díẹ̀ bọ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni ariwo náà bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ti dé, eruku gba gbogbo ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Àpápá, ẹ mọ ohun tí à ń wí: tírélà ń lọ, tírélà ń bọ̀, eruku wọn kì í sùn. Bí iná bá dé lálẹ́, tí ọmọ wa tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, a ó kọ́kọ́ gbọ́ kẹ-kẹ-kẹ-kẹ, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń ti igi bọ ẹnu fáànù. Tó bá ṣe díẹ̀, yóò di hùùù, bí ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra. Bí a bá ń gba àdúrà alẹ́, àfi kí a pariwo kí a tó gbọ́ ara wa.

Ẹ̀yìn ògiri yàrá rẹ̀ gan-an ni ìyá ìbejì kan ń gbé. Oṣù méjì péré ni àwọn ìbejì náà. Ó kọ́kọ́ wá bá wa pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa bá bùọ̀dá sọ̀rọ̀." A tọrọ àforíjì. Ó tún padà wá. Ìgbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, agogo mọ́kànlá alẹ́ ti lù, ọmọ kan wà léjìká rẹ̀, ìkejì ń ké nínú yàrá, omi sì wà lójú òun náà.

Kí a tó dé ibẹ̀, a ti ṣe òmùgọ̀ tiwa. Ọ̀kan nínú wa ti bu òróró tí a fi ń dín àkàrà, ó sì kán an sí àárín ọ̀kan nínú àwọn fáànù náà. Ọjọ́ méjì ni ara rọ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni eruku bá òróró náà mu, ó di ẹrẹ̀, ariwo sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. A gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tú u wò. Ó ní pátákó ńlá inú rẹ̀ ló ti fẹ́ kú, kí a mú ₦85,000 wá.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ìyá ìbejì sunkún yìí, a pe ọmọ wa. A sọ fún un pé kí ó ta kọ̀ǹpútà náà kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ẹnì kan tilẹ̀ ti wá a wò, iye tó sì dá lé e kò tó ìdá mẹ́rin owó tí ọmọ wa fi rà á. A rò pé yóò bá wa jiyàn. Kò jiyàn. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ ṣé, mà." Ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ìdáhùn yẹn dùn wá ju bí ìbá ṣe bá wa fa ọ̀rọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì, òun ló bá wa gbé fáànù ilé wa lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan nítòsí Boundary. Ọmọ Ìlàjẹ ni bàbá yìí. Fáànù onídùúró àti máṣínì ìránṣọ ni ó ń tún ṣe, ó sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí a tó bí ọmọ wa. Bí a ti ń dúró, a rojọ́ kọ̀ǹpútà náà fún un. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ò mọ kọ̀ǹpútà o. Ṣùgbọ́n fáànù ni fáànù ń jẹ́. Ṣé ìgbà tó bá tutù ló ń ké ni, àbí ìgbà tó bá gbóná?"

Àwa méjèèjì wo ara wa. A kò mọ̀. Ọmọ wa ló dáhùn: "Bàbá, ariwo méjì ni, sà. Èyí tó ń dún kẹ-kẹ-kẹ, ìgbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án ni, á sì dínkù lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tó ń hó hùù, ìgbà tí mo bá ń gé fídíò ni."

Ẹ̀yin ará, ojú tì wá. Gbogbo ìgbà tí àwa ń pariwo lé e lórí, òun ń fetí sílẹ̀. Ó ti mọ ariwo kọ̀ọ̀kan àti àkókò rẹ̀, ẹnì kankan nínú wa kò sì bi í.

Bàbá wá sílé wa ní òwúrọ̀ Sátidé, kí olùrà tó dé. Ọmọ wa pa kọ̀ǹpútà náà, ó yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó sì tẹ bọ́tìnnì ìtanná rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lè tán. Wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Eruku ti dì sínú rẹ̀ bí aṣọ òtútù. Kì í ṣe eruku lásán. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé ti mú un lẹ̀ mọ́ irin.

Wọ́n tún tàn án fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láì dé e. Bàbá ká kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan bí fèrè, ó fi ẹnu kan sí etí rẹ̀, ó na ẹnu kejì sí ọ̀gangan fáànù kọ̀ọ̀kan, láì jẹ́ kí ó kàn án. Bí ó ti ń gbọ́ ni ó ń tọ́ka: "Èyí dára. Èyí náà dára. Èyí ló ń ké. Èyí, wáyà ló ń gbá a lára." Lóòótọ́, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti já lulẹ̀ sórí apá fáànù iwájú. Wọ́n fi òwú so ó sẹ́yìn. Apá kan ariwo lọ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n tún ti pa á, tí wọ́n sì ti yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, wọ́n fi búrọ́ṣì rírọ̀ gbá eruku kúrò. Bàbá kìlọ̀ pé bí a bá fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí fáànù, kí a fi ìka di apá rẹ̀ mú. Bí ó bá yí ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, àárín rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ọmọ wa fi kún un pé fáànù tí atẹ́gùn ń yí lè dá iná padà sínú kọ̀ǹpútà.

Fáànù ẹ̀yìn ni ó ń dún kẹ-kẹ-kẹ. Bàbá ní fáànù irú èyí pín sí méjì. Òmíràn ní àwọn ọta irin wẹ́wẹ́ ní àárín. Òmíràn sì jẹ́ pé inú òrùka tí òróró wà ni ọ̀pá rẹ̀ ti ń yí. Èyí tó ń lo òróró ni tiwa. Bí ọdún ti ń lọ, òróró rẹ̀ gbẹ, irin wá ń họ irin. Bí ó bá gbóná díẹ̀, ìyókù òróró náà á rọ̀, ariwo á sì dínkù. Bàbá ṣí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín rẹ̀, ó fi òwú nu òróró àkàrà wa kúrò, ó sì kán òróró máṣínì ìránṣọ sí i, ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ó gé rọ́bà láti ara tíúbù kẹ̀kẹ́, ó fi sí ìdí àwọn sukúrù kí gbígbọ̀n fáànù má bàa dé ara irin.

Ariwo hùù ńkọ́? Ọmọ wa ló ṣàlàyé ìyẹn fún bàbá. Kọ̀ǹpútà máa ń wọn ooru ara rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ooru á pọ̀, á sì pàṣẹ fún fáànù kí ó yára. Bí eruku bá dí ọ̀nà, ooru kò ní rí ibi gbà jáde, fáànù á sì máa sáré láìsinmi. Bí ooru náà bá súnmọ́ dígírì 100, ọpọlọ kọ̀ǹpútà á dẹwọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kí ó má bàa jóná. Ó yọ irin tó wà lórí ọpọlọ náà, ó nu ìpara tó ti gbẹ lábẹ́ rẹ̀, ó sì fi tuntun sí i, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kékeré.

Fáànù iwájú kan kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ wa lọ sí Computer Village ní Ìkejà, ó sì ra òmíràn ní ₦7,000: mìlímítà 120, fólítì 12, oníhò mẹ́rin. Oníhò mẹ́rin yìí ló jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè darí ìyára rẹ̀ dáadáa. Àpótí tó ń pín iná nìkan ni wọn kò tú. Bàbá ní àwọn ohun kan wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ tí iná kì í tètè kúrò lára wọn, bí a tilẹ̀ ti yọ wáyà. Ó lè pa ènìyàn. Búrọ́ṣì ni kí a fi gbá a láti ìta.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, iná dé ní agogo méje. Ní agogo mẹ́jọ, a kan ilẹ̀kùn ìyá ìbejì láti béèrè bí ariwo náà ti rí. Ó wò wá tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ṣé bùọ̀dá ti tàn án ni?"

Olùrà ti wá kí ilẹ̀ tó ṣú. A bẹ̀ ẹ́ kí ó máa lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, a pe ọmọ wa, a sì bẹ òun náà. Kò rọrùn fún òbí láti sọ fún ọmọ pé, "A ṣì í ṣe." A sọ ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn àgbà wa sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀yin òbí, bí ohun ìní ọmọ yín bá ń pariwo, ẹ bi ọmọ náà léèrè kí ẹ tó dájọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gbé kọ̀ǹpútà yín sórí ilẹ̀. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà sí ògiri díẹ̀, kí ẹ sì na ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ bo ojú ibi tó ti ń fa atẹ́gùn. Ẹ máa bọ́ ọ fọ̀. Bí ọyẹ́ bá mú, ẹ tú u gbá lóṣooṣù.

Ọmọ wa wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ọdún 2024, owó fídíò ni ó sì fi san apá kan nínú owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òun náà ló ya fídíò ọjọ́ tí àwọn ìbejì pé ọdún kan. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìyá wọn.