Kí Ló Ń Mú Wa Fẹsẹ̀ Rìn?



Tí ẹ bá bi ará Ìbàdàn pé kí ló dé tí kò fẹsẹ̀ rìn, á ní ọ̀nà jìn ni. Èmi ò gbà. Láti Sángo dé Mọ́kọ́lá, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fi ń rìn ín. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń dúró de Micra ò tíì rí ọkọ̀ wọ̀ tí mo fi kọjá.

Owó ló kọ́kọ́ ń pinnu. Ní oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ di èyí tó ju 500 lọ, owó ọkọ̀ náà sì fò sókè. Nílé wa, owó tí màmá mi ń fún èmi àti àbúrò mi ò ká àlọ àti àbọ̀ mọ́. La bá ń fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀, a ń wọkọ̀ nírọ̀lẹ́.

Kí ló dé tí kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ la ń rìn? Ọ̀nà ló fà á. Láàárọ̀, oòrùn ò tíì mú, àwọn ọlọ́jà ò tíì pàtẹ, a ń rí ẹ̀gbẹ́ títì rìn. Nírọ̀lẹ́, àárín gọ́tà àti ọ̀kadà ló kù fún ẹlẹ́sẹ̀. Tí lẹ́sìnnì bá sì pẹ́, ilẹ̀ á ti ṣú, kò sí iná títì níbi púpọ̀. Màmá mi ní òun ò lè fi ọmọ òun ta tẹ́tẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ojú ayé. Wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, Legedes Benz ti dé!" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹnìkan nínú wa tó ń fi owó oúnjẹ ọ̀sán wọ Micra, kí ẹ má baà rí i lójú títì. Tó bá di aago méjìlá, ebi ò ní jẹ́ kó gbọ́ ohun tí tísà ń sọ.

A ò lè dín owó epo kù, a ò sì lè tan iná sójú títì. Ṣùgbọ́n àwa la ń rín ẹ̀rín yẹn, àwa náà la lè dá a dúró. Ẹ̀yin ará Sángo, ẹ jẹ́ ká máa rìn pọ̀ láàárọ̀. Ẹ̀yin tísà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa parí lẹ́sìnnì kí ilẹ̀ tó ṣú.