Dọ́là kan ni ìṣẹ́jú kan: Ohun tó wà nídìí owó táwọn agbánimọ́ra ń gbà

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rín ló máa rín. Wọ́n ní àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jẹun ni pé kí wọ́n máa gbá èèyàn mọ́ra. Kì í ṣe ọkọ wọn o, kì í ṣe ìyàwó wọn, kì í ṣe ọmọ tí wọ́n bí, ẹni tí wọn ò mọ̀ rí rárá ni. Onítọ̀hún á wọlé, á bọ́ bàtà, á jókòó tàbí kó fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n á gbá a mọ́ra bí ìyá ṣe ń gbá ọmọ mọ́ra. Bí wákàtí bá pé, á sanwó, á máa bá tiẹ̀ lọ. Ìbálòpọ̀ kò sí níbẹ̀, ìfẹnukonu kò sí níbẹ̀, aṣọ kò sì gbọdọ̀ kúrò lára ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ẹ̀rín, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé: èló ni wọ́n ń gbà? Ìbéèrè ọjà nìyẹn, ó sì dáa kéèyàn béèrè ẹ̀. Ta ló jókòó tó ṣírò ẹ̀ pé bí wọ́n bá gbá èèyàn mọ́ra fún wákàtí kan, iye báyìí ni? Kí ló sì dé tí ẹnì kan ń gba 60 dọ́là, tí ẹlòmíì ń gba 80, táwọn kan tún ń gba 100 sí 150, nígbà tó jẹ́ pé apá méjì péré ni Ọlọ́run dá mọ́ gbogbo wọn?

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń jẹ́ Samantha Hess bẹ̀rẹ̀, ará ìlú Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ìgbéyàwó ẹ̀ ló tú ká, ó wá di ẹni tó ń dá gbé. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ fáwọn oníròyìn pé lásìkò yẹn, ká ní òun rí ẹni tó lè gbá òun mọ́ra láìní ohun mìíì lọ́kàn ni, tayọ̀tayọ̀ lòun ìbá fi sanwó fún un. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn lẹ́nu àgbàlagbà. Yorùbá ní èèyàn laṣọ, ẹni tí aṣọ bá sì ya mọ́ lára, òun nìkan ló mọ bí òtútù ṣe ń mú un tó. Lọ́dún 2013, Samantha bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó gbá àwọn èèyàn mọ́ra, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2014, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kan tó pè ní Cuddle Up To Me. Ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìméèlì tó tó 10,000 ló wọlé sọ́dọ̀ òun.

Iye tó dá lé e ni 60 dọ́là fún wákàtí kan, ìyẹn dọ́là kan ni ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí kò ka ìwé gan-an lè fi ọwọ́ ṣírò ẹ̀. Nígbà yẹn, oníbàárà lè ra ìṣẹ́jú 15 péré, ó sì lè ra odidi wákàtí 5.

Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé kì í ṣe òun nìkan ló gba iye yẹn. Ní tòsí ìlú Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, obìnrin kan tó ń jẹ́ Jacqueline Samuel ti ṣí tiẹ̀ lọ́dún 2012, ó pè é ní The Snuggery, kó lè máa rí owó ilé-ìwé ẹ̀ san. 60 dọ́là lòun náà ń gbà. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé kan tí wọ́n pè ní Snuggle House sílùú Madison, ní Wisconsin, lọ́dún 2013, 60 dọ́là náà ni wọ́n kọ sára pátákó tiwọn. Wọn ò sì ní ẹgbẹ́ o. Wọn ò ní ìyálọ́jà tó pe ìpàdé, tó ní ẹni tó bá tà á ní iye tó dín sí èyí, àwọn máa kó igbá ẹ̀ dànù. Ibo ni wọ́n ti wá rí iye kan náà?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn oní-másáàjì ni. Nígbà téèyàn bá gbé ọjà tẹ́nì kan ò tà rí wá sọ́jà, ńṣe ló máa wo ọjà tó jọ ọ́ jù, á wo iye tí wọ́n ń tà á, á sì jókòó tì í. Ní àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ láwọn ọdún yẹn, nǹkan bí 60 dọ́là, ó lè lé díẹ̀, ni wọ́n ń gbà fún másáàjì wákàtí kan. Oníbàárà ti mọ iye yẹn, kò ní ta á lójì. Bí òwò náà ṣe wá ń gbilẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Cuddlist bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ náà, tó sì ń bá wọn wá oníbàárà, 80 dọ́là lòun gbé e kalẹ̀ sí. Àwọn agbánimọ́ra tó kù bá gùn ún lé e.

Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù mìíì tún wà tí wọ́n ń bẹ̀rù kí wọ́n má fi wọ́n wé. Ẹ ṣáà mọ èyí tá à ń sọ. Ọ̀rọ̀ yìí ló pa ilé tí wọ́n ṣí ní Madison yẹn. Kó tó ṣílẹ̀kùn ni àwọn aláṣẹ ìlú ti ń fura sí i pé kí ló ń jẹ́ báyìí, àbí ilé aṣẹ́wó ni wọ́n fẹ́ dọ́gbọ́n ṣí? Wọ́n ní kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àwọn fi kámẹ́rà síbẹ̀, àwọn sì fi bọ́tìnnì ìdágìrì sí yàrá. Kò pé oṣù kan tí wọ́n ṣí i tí wọ́n fi tì í pa.

Ìdí nìyẹn tí owó iṣẹ́ yìí kò fi lè wálẹ̀ jù, tí kò sì lè lọ sókè jù. Bí obìnrin bá ní 20 dọ́là lòun ń gbà, ìlẹ̀kùn ẹ̀ ò ní í sinmi. Ṣùgbọ́n irú àwọn wo ló máa ń kàn án? Àwọn ọkùnrin tó rò pé ohun tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìní nǹkan mìíì nínú, tí wọ́n á máa ná an bí ẹni ń ná àgbò ọdún, pé bí àwọn bá fi 10 kún un ńkọ́? Bó bá sì ní 400 dọ́là lòun ń gbà, àwọn kan náà á tún sọ pé ẹ wò ó, wọ́n ti sọ ọ́ tán! Àárín méjèèjì yẹn ni iye náà ní láti dúró sí, níbi tó ti jọ owó dókítà ju owó òru lọ. Ẹni tó bá rò pé apá méjì ni wọ́n ń sanwó fún kò tíì lóye òwò náà. Owó ọgbà tí wọ́n ṣe yí apá méjì ọ̀hún ká ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ẹ wo ọgbà náà bó ṣe rí lọ́dọ̀ Samantha nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Oníbàárà ní láti buwọ́ lu ìwé pé òun á wẹ̀ wá, pé òun ò ní í bọ́ aṣọ, pé òun ò ní í hùwà àìdáa. Kámẹ́rà ń wo yàrá. Ó kọ́ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kó tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Bí ara oníbàárà bá sì fẹ́ gbà á síbi tí kò yẹ, wọ́n á yí bí wọ́n ṣe jókòó padà, wọn ò ní í pariwo lé e lórí. Gbogbo ìyẹn, owó ni. Owó ilé wà níbẹ̀, owó fífọ aṣọ ibùsùn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó adójútòfò, táwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ò tilẹ̀ fẹ́ fetí sí irú òwò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń dá ṣe é nílé tiẹ̀ kò ní owó ṣọ́ọ̀bù lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó ní tiẹ̀. Ká ní ó ń gba 80 dọ́là, ó ń rí èèyàn 3 lójúmọ́, ó sì ń ṣe é ní ọjọ́ 4 lọ́sẹ̀, 960 dọ́là nìyẹn. Ẹ máà tíì jó. Àwọn alágbàtà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá a wá oníbàárà fẹ́ gba tiwọn. Ìjọba Amẹ́ríkà náà fẹ́ gba tiẹ̀, torí ẹni tó ń dá iṣẹ́ ṣe ń san ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún fún owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú àgbà nìkan, kí wọ́n tó wá kan owó-orí gan-an. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún ìṣẹ́jú 20 tó fi bá ẹni tuntun sọ̀rọ̀ lórí fóònù kó lè mọ̀ bóyá orí ẹ̀ pé. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún ọjọ́ tí oníbàárà kò yọjú. Kéèyàn sì máa gbá èèyàn mọ́ra láti àárọ̀ dalẹ́, kò ṣeé ṣe. Àwọn tó ń ṣe é máa ń sọ pé kì í ṣe ara ló ń rẹ àwọn, ọkàn ni, torí ọ̀pọ̀ oníbàárà ló máa ń sunkún.

Ibi tí iye wọn ti wá ń yàtọ̀ síra nìyí. Ẹni tó ń gbé New York tàbí San Francisco ò lè gba iye tí ará ìlú kékeré ń gbà, owó ilé kò ní í jẹ́. Ẹni tí oníbàárà bá ní kó wá bá òun nílé máa ń fi owó ọkọ̀ àti owó ewu kún un. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀, táwọn oníbàárà ti kọ ohun rere nípa ẹ̀, á gbówó lé e. Ọkùnrin tó bá sì wọ iṣẹ́ náà máa rí i pé ọ̀tọ̀ ni tòun: ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sanwó, ọwọ́ obìnrin sì ni wọ́n ń wá, àwọn obìnrin tó fẹ́ kí wọ́n gbá àwọn mọ́ra náà máa ń bẹ̀rù ọkùnrin tí wọn ò mọ̀. Ó lè gba iye kan náà, àmọ́ á pẹ́ kí fóònù ẹ̀ tó dún.

Àwọn ará Jàpáàn ló wá gbé ọ̀rọ̀ ìdíyelé dé ibi tó lágbára. Lọ́dún 2012 ni wọ́n ṣí Soineya ní Akihabara, nílùú Tokyo. Nígbà yẹn, 3,000 yen lèèyàn á kọ́kọ́ san kó tó di oníbàárà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣẹ́jú 20 téèyàn fi sùn ti ọmọbìnrin níbẹ̀ jẹ́ 3,000 yen, wákàtí 10 jẹ́ 50,000. Ẹ bá wa ṣírò ẹ̀: ẹni tó ra ìṣẹ́jú 20 ń san 150 yen fún ìṣẹ́jú kan, ẹni tó ra wákàtí 10 kò san ju bíi 83 lọ. Ẹni tó ra àpò ń jẹ èrè ju ẹni tó ra kóńgò lọ, bó ṣe wà ní Bódìjà náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n èènì ni kò sí! Bí oníbàárà bá fẹ́ fọwọ́ pa orí ọmọbìnrin náà fún ìṣẹ́jú 3, 1,000 yen. Bí wọ́n bá fẹ́ wo ojú ara wọn fún ìṣẹ́jú kan péré, 1,000 yen. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní Akihabara, owó gidi ló wà níbẹ̀.

Èèyàn lè tún rẹ́rìn-ín, àmọ́ kó rántí pé lóṣù karùn-ún ọdún 2023, Vivek Murthy, tó jẹ́ dókítà àgbà ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, gbé ìwé jáde pé àìrẹ́nibárìn ń ba ara jẹ́ bí ẹni ń fa sìgá tó tó 15 lójúmọ́. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yan mínísítà lórí ọ̀rọ̀ náà láti ọdún 2018. Àrùn ni, àwọn tó ń ta oògùn ẹ̀ ti wà, ó wá ku ẹni tó lè rà á. Owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà là kalẹ̀ ni 7 dọ́là àti sẹ́ǹtì 25 fún wákàtí kan, kò sì tíì kúrò níbẹ̀ láti ọdún 2009. Ẹni tó ń gba iye yẹn máa ṣiṣẹ́ ju wákàtí 8 lọ kó tó ra wákàtí kan ní 60 dọ́là, bó bá sì jẹ́ ti 80 dọ́là ni, wákàtí 11. Àwọn agbánimọ́ra kan ń dín in fún opó, fún abirùn àti fún sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Orúkọ rere nìyẹn, ṣùgbọ́n láti inú oúnjẹ tiwọn náà ni. Samantha tí ìgbéyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ká, tó ní òun ìbá sanwó, ṣé ó lè san 60 dọ́là lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà yẹn?

Ọ̀rọ̀ yìí sì ní ibi tó ti kan àwọn ọmọ Yorùbá. Ẹ lọ sí Maryland, ẹ lọ sí Houston, ẹ ó bá àwọn obìnrin wa tí wọ́n ń tọ́jú arúgbó nínú ilé olówó àti nínú ilé ìtọ́jú. Àwọn ló ń gbé wọn dìde, àwọn ló ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n á ti apá bọ abẹ́ apá wọn kí wọ́n má bàa ṣubú. Èyí náà kì í ṣe gbígbá mọ́ra? Nínú ìṣirò ìjọba Amẹ́ríkà ti ọdún 2023, ìdajì àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni kò gba ju 16 dọ́là àti sẹ́ǹtì 12 lọ fún wákàtí kan. Bíi wákàtí 5 nínú iṣẹ́ wọn ló máa ra wákàtí kan lọ́dọ̀ agbánimọ́ra olówó 80. Wọn ò ní ìwé tí oníbàárà buwọ́ lù, bí arúgbó bá sì nawọ́ síbi tí kò yẹ, wọ́n á ní kí wọ́n ní sùúrù, pé àárẹ̀ ni. Wọn ò lè sọ pé àwọn ò gbé e, iṣẹ́ á bọ́.

Alẹ́ á lẹ́, ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ á ti dé. Ìyá arúgbó á di ọwọ́ ẹ̀ mú, kò ní í fẹ́ fi sílẹ̀, á ní kó ṣì jókòó ti òun díẹ̀. Obìnrin náà á wo aago, á rántí bọ́ọ̀sì, á jókòó. Ìṣẹ́jú 10, ìṣẹ́jú 15. Kò sẹ́ni tó ń kọ ìyẹn sínú ìwé owó iṣẹ́ ẹ̀.