Ẹyẹ Orí Bẹ́ẹ̀dì Màámi

Ògiri yàrá Màámi máa ń sunkún. Bí àwọn fúnra wọn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ilé wa ní Èbúté Ìkòròdú kò jìnnà sí ọ̀sà. Bí òjò bá ti dé, omi á máa gun ògiri láti ìsàlẹ̀, ọ̀dà á wú, á sì máa já bọ́ ní wẹ́wẹ́. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí ìbàdí ti ń da Màámi láàmú, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ògiri yẹn náà ni wọ́n sì ń fẹ̀yìn tì. Tí a bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, a ó bá nǹkan funfun nínú irun wọn. A kọ́kọ́ rò pé ewú ni.

Àwa méjì péré ni wọ́n bí. A lọ bá káfíńtà kan pé kí wọ́n bá wa ṣe pátákó tí wọ́n ń gbé sí orí bẹ́ẹ̀dì, èyí tí wọ́n ń fi aṣọ bò, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní hẹ́ẹ̀dìbọ́ọ̀dù. Iye tí wọ́n pè fún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra bẹ́ẹ̀dì mìíràn. A dúpẹ́, a ní a ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí "a ń bọ̀" túmọ̀ sí lẹ́nu oníbàárà.

Bí a ṣe pinnu láti ṣe é fúnra wa nìyẹn. Iṣẹ́ ọ̀hún kò le, ká má parọ́. Bẹ́ẹ̀dì Màámi fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ààbọ̀. Odindi plywood jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́rin, àjákù rẹ̀ ló tó wa. A ní kí wọ́n gé e kí ó ga ní ẹsẹ̀ méjì ààbọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn onísọ́fà la ti ra fóòmù oníǹṣì méjì, àjákù lòun náà, ege mẹ́ta tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Aṣọ ló ku.

Màámi ní àpótí kan. Ẹ mọ irú àpótí náà, ìyá tiyín náà ní ọ̀kan. A rò pé wọ́n á fún wa ní aṣọ ẹbí kan tí wọn ò fẹ́ràn. Wọ́n tú u, wọ́n tú u, wọ́n wá fa Áńkárá aláwọ̀ aró kan yọ, tí ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ wà lára rẹ̀ káàkiri. Àyà wa já.

Aṣọ tí Bàámi rà fún wọn nìyẹn nígbà tí wọ́n bí àbíkẹ́yìn. Ìtàn rẹ̀ la gbọ́ dàgbà: bí wọ́n ṣe ra ọ̀pá mẹ́fà ní Balógun, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi ní CMS, tí omi ta sí gbogbo èrò lára, tí Bàámi sì gbá aṣọ náà mọ́ àyà títí wọ́n fi dé Èbúté. Màámi á wá fi kún un pé, "Hollandis ni o! Ojúlówó!" Wọ́n rán ọ̀pá mẹ́rin, ó ku méjì. Láti ìgbà tí Bàámi ti lọ, ọ̀pá méjì yẹn kò rí òòrùn.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ ra òmíì."

"Ta ni mò ń tọ́jú rẹ̀ dè? Ẹ gé e jàre."

A tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní pálọ̀. Áńkárá kì í sábà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ mẹ́rin, pátákó wa sì jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà a ní láti fi gígùn aṣọ ṣe ìbú. Gbogbo ẹyẹ wá kọjú sókè. Àwọn ará Ghana ń pe irú aṣọ ẹlẹ́yẹ bẹ́ẹ̀ ní Speed Bird, wọ́n ní owó dà bí ẹyẹ, ó máa ń fò lọ. Tiwa ti fò tipẹ́.

Ibi tí a ti ń fi tépù wọn etí aṣọ náà la ti rí i. Vlisco, ilé iṣẹ́ tó ti wà ní Helmond, ní Netherlands, láti 1846, máa ń kọ orúkọ ara wọn sí etí aṣọ. Lẹ́tà díẹ̀ wà létí tiwa lóòótọ́, àmọ́ kò sí Vlisco níbẹ̀, kò sì sí Hollandais. A yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún, a yẹ̀ ẹ́ wò lósì. Ṣé wọ́n rẹ́ Bàámi jẹ ni, àbí ibi tí owó wọn mọ ni wọ́n ra aṣọ mọ, tí wọ́n wá fi ẹnu kún un? Kò sí ẹni tí a lè bi.

"Ẹ rí i bó ṣe ki?" Màámi ń pariwo láti yàrá. "Hollandis ni o!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

A yá ìbọn tí àwọn onísọ́fà fi ń yin pínnì. Àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan la ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ń fa aṣọ, èkejì ń yìn ín, ká tó wá lọ sí igun, tí a ṣẹ́ bí ẹni ń ṣẹ́ ewé mọ́ínmọ́ín. Etí aṣọ náà la yí sẹ́yìn pátákó, a yin pínnì mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ. A kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀, kí pátákó má baà fara kan ògiri, a wá fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan ládùúgbò wa tó ti ń ta aṣọ kí wọ́n tó bí wa wá kí Màámi. A sáré gbé àga fún wọn, a gbé e jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀. Wọn ò jókòó. Wọ́n lọ tààrà síbi pátákó náà, wọ́n fi ìka méjì fún aṣọ náà lórí.

"Hollandis ni," Màámi wí. "Bàbá wọn ló rà á."

Ìyá aláṣọ bojú wò wá. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Mo rí i," ni wọ́n wí. "Aṣọ gidi ni." Wọ́n wá jókòó, wọ́n ní ká bu omi wá fáwọn.