Òwe Matthew

Òwe àtijọ́ kan wà nílẹ̀ Áfíríkà. Bí Matthew ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn nínú Desmond's, eré apanilẹ́rìn-ín tí Channel 4 gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1989 sí 1994. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wálé sí Òkàkà fún Iléyá ló sọ ọ́ níbi eré kan tí wọ́n ń ṣe: ẹnì kan á sọ ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀dá inú eré Gẹ̀ẹ́sì kan, àwọn yòókù á dárúkọ eré náà. Mo gba ti Ranjeet, onílàwàní tó máa ń tọrọ àforíjì lọ́nà ẹgbẹ̀rún nínú Mind Your Language, torí àwa náà wo ìyẹn nígbà tiwa. Ti Matthew ni mi ò mọ̀. Mo bi wọ́n pé òwe wo ló wá ń pa. Kò sẹ́ni tó rántí ẹyọ kan.

Mo ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ọ̀rọ̀ náà ń jà lọ́kàn mi. Báwo lèèyàn á ṣe pòwe títí tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan á fi kù létí aráyé?

Mo kọ́kọ́ rò pé bí aláwàdà ṣe rí nìyẹn. Baba Sala, Moses Olaiya tó di olóògbé lọ́dún 2018, kì í tíì lanu tẹ́rìn-ín á ti sọ: aago ńlá orí tábìlì tó so mọ́ra àti awò ojú tí kò ní dígí ti ṣiṣẹ́ tán.

Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Peckham ni eré náà dá lé. Desmond tó ni ín àti Porkpie ọ̀rẹ́ rẹ̀ ju Matthew lọ dáadáa, ọmọ Gambia tí ìwé kíkà rẹ̀ kì í tán. (Gyearbuor Asante, ọmọ Ghana, ló ṣe é; ibo gan-an lòwe ti ń wá?) Níbí, ọmọdé kì í pòwe níwájú irú wọn láìtọrọ àyè. Matthew kàn gbé tirẹ̀ ka odidi Áfíríkà lórí. Ta ni yóò jiyàn ní Peckham?

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rántí bàbá tó bí ìyá mi. Kò sẹ́ni tó jù wọ́n lọ lágboolé mọ́, síbẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ pòwe, wọ́n á ṣí fìlà díẹ̀, wọ́n á wọ̀tún wòsì: "Tótó ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin àgbà." Àwa ọmọdé àti ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu nìkan ló wà níbẹ̀. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ta ni wọ́n ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí yàrá tí wọ́n sin bàbá wọn sí: "Ẹni tó kọ́ mi ń gbọ́." Àwa á sì dáhùn, "Ẹ ó rí òmíràn pa o!" Bí a ò bá dáhùn, wọ́n á dúró, wọ́n á máa wò wá. Òwe ò tíì parí.

Àṣé Matthew náà ń tọrọ àyè. Gbólóhùn yẹn ni tótó tirẹ̀. Àwọn àgbà tó ń bá sọ ọ́ ni kò sí nítòsí. Ẹni tí yóò dáhùn ló kù, àwọn Desmond sì ń fi Matthew ṣe yẹ̀yẹ́.

Ká ní Trix Worrell tó dá eré náà sílẹ̀ bi mí ni, ǹ bá ní kó fi ìyá Yorùbá kan kún un, irú wọn pọ̀ ní Peckham, kó jókòó ti báàgì ọjà rẹ̀ níkọ̀rọ̀, kó máa retí kí wọ́n gẹrun ọmọ rẹ̀ tán. Bí Matthew bá ti pòwe, kó fèsì láìgbójú sókè: "Wàá rí òmíràn pa." Kí Desmond yí padà, abẹ lọ́wọ́, kó ní ta ló sọ̀rọ̀.